Ìtìjú, Ẹgbẹ́ àti Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ sọ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ayẹyẹ ọdún mẹ́wàá ẹgbẹ́ wa, ní Abẹ́òkúta

 

Nígbà tí ẹgbẹ́ ní kí àwa ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ wá sọ̀rọ̀ lónìí, àwọn kan rò pé owó ilé-ìwé la máa sọ̀rọ̀ lé lórí. A ti sọ ti owó tó ní ìpàdé oṣooṣù. Ẹni tí kò bá tíì san tirẹ̀ mọ ara rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí jẹ́ ohun tí owó nìkan kò lè rà fún ọmọ.

Láti ìgbà tí a ti ń fún àwọn ọmọ wa ní ìrànwọ́ owó ilé-ìwé, a máa ń pè wọ́n wá síwájú wa kí a tó fún wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá wa jókòó níbẹ̀ mọ ohun tí à ń rí. Ọmọ tí èsì ìdánwò rẹ̀ dára gan-an á wọlé, á dọ̀bálẹ̀ dáadáa tàbí kó kúnlẹ̀. A ó ní kó jókòó, kó sọ ohun tó ń kọ́ fún wa àti ìdí tó fi yàn án. Ó parí. Á wolẹ̀, á máa fi ìka fa etí aṣọ, ohùn rẹ̀ á máa wálẹ̀ títí a kò fi ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. Tí ọ̀kan nínú wa bá tún béèrè, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" ni á fi dáhùn ìbéèrè tí kì í ṣe ti bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. A kì í torí ìyẹn dá owó dúró. Ṣùgbọ́n àwa kọ́ ni ẹni ìkẹyìn tí ọmọ náà yóò jókòó síwájú rẹ̀. Àwọn tó ń gbani síṣẹ́ l'Ékòó kò mọ bàbá rẹ̀, wọn kò mọ agboolé rẹ̀, wọn kò sì ní àkókò láti máa tẹ́tí sí ohùn tí kò jáde.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún ìtìjú fúnra rẹ̀. Nínú èdè wa, èébú ńlá ni kí a pe ènìyàn ní aláìnítìjú. Ìtìjú ló ń mú kí ọmọ má fa ọwọ́ sí ohun olóhun, òun ló ń mú kí àgbà rántí orúkọ ilé rẹ̀. A kò fẹ́ kí ọmọ kankan sọ ìyẹn nù sí ọgbà yunifásítì. Ìtìjú tí à ń bá wí ni èyí tó ń di ọmọ lẹ́nu nígbà tí ohun tó fẹ́ sọ jẹ́ òótọ́, tí òun náà sì mọ̀ pé òótọ́ ni.

Àwa la sì kọ́ wọn. Bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, ọmọ á dákẹ́. Ọmọ kì í wo àgbà lójú. Tí àlejò bá dé, ọmọ á kí i, á gbé omi wá, á bọ́ sí yàrá. Ẹ̀kọ́ ilé ni, kò sí ẹni tó ní ká pa á tì. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa rò ó: ọdún méjìdínlógún la fi ń kọ́ ọmọ láti dákẹ́, a sì tún fẹ́ kó mọ ọ̀rọ̀ í sọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n bá pè é nítorí iṣẹ́, kó sì máa wo àgbà tó ń bi í léèrè lójú tààrà. Níbo ló ti máa kọ́ ọ? Kì í ṣe inú gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́, níbi tí ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ọmọ ti ń fún ara wọn mọ́ bẹ́ǹṣì tí olùkọ́ kan ṣoṣo sì ń sọ̀rọ̀. Ọmọ lè lo gbogbo ọdún rẹ̀ ní Alábàtà, ní Òjéré tàbí ní Òṣíẹ̀lẹ̀, kó gbàwé ẹ̀rí, kí olùkọ́ kankan má sì gbọ́ ohùn rẹ̀ rí.

Inú ẹgbẹ́ ló ti ń kọ́ ọ.

Ọmọ Ẹ̀gbá kọ́ ló yẹ kí a máa ṣàlàyé agbára ẹgbẹ́ fún. Kí Lísàbí tó gba àwọn bàbá wa lọ́wọ́ àwọn ajẹ́lẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹgbẹ́ àáró ló kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Oko ni wọ́n ń bá ara wọn ro. Lónìí oko lágbájá, lọ́la oko làmọ̀rín. Àwọn tí ajẹ́lẹ̀ ń gba ohun ìní wọn lójú wọn tí wọn kò lè wí nǹkan kan, olúkúlùkù ló dá bẹ̀rù nínú ilé tirẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ti jọ ń ro oko, tí wọ́n jọ ń jẹun lábẹ́ igi kan náà fún ìgbà pípẹ́, ni wọ́n wá rí i pé àwọn pọ̀. Ni ẹgbẹ́ àáró bá di ẹgbẹ́ Olórógun. Ẹ ṣàkíyèsí bí nǹkan ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Iṣẹ́ ló ṣáájú, àyà ló tẹ̀ lé e. Lísàbí kò kàn pe ìpàdé kó ní kí wọ́n má bẹ̀rù mọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, wọ́n sì ti fi ọkọ́ àti àdá dán ọwọ́ náà wò kí wọ́n tó fi sọ àyà.

Ọmọ Abẹ́òkúta mìíràn tó mọ àṣírí yìí ni Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́. Ó dùn wá pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa mọ Nkrumah ju Ṣólàńkẹ́ lọ. Ó kàwé ní Fourah Bay ní Freetown, ó sì gba London lọ ní 1922 láti kọ́ ìmọ̀ òfin. London ìgbà náà kò rọrùn fún ènìyàn dúdú. Akẹ́kọ̀ọ́ á kan ilẹ̀kùn ilé tó ní yàrá, onílé á wo àwọ̀ rẹ̀, á ní yàrá ti tán. Ní 1924 tí wọ́n ṣe ìpàtẹ ńlá ti ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley, ìwé ìròyìn ibẹ̀ ń kọ ohun tí ojú ń ti ni láti kà nípa àwa ará Áfíríkà. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè mú ọmọ ènìyàn sá wọ yàrá lọ, kó ti ilẹ̀kùn, kó dojú kọ ìwé rẹ̀ títí yóò fi padà sílé. Ṣólàńkẹ́ kọ̀wé fèsì. Ní ọdún yẹn kan náà ló sọ̀rọ̀ lórí rédíò níbẹ̀ ní èdè Yorùbá, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí ṣáájú rẹ̀.

Kò sì dá a ṣe. Ní 1924, òun àti Amy Ashwood Garvey, obìnrin ará Jàmáíkà, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà díẹ̀ jọ, wọ́n dá Nigerian Progress Union sílẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1925, pẹ̀lú ìmọ̀ràn Dókítà Herbert Bankole-Bright ti Sierra Leone, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlélógún pàdé, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí WASU. Mọ́kànlélógún péré. Àwa tí a wà ní tábìlì iwájú yìí nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìwé ìròyìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1926, Wasu náà ni wọ́n sọ ọ́, ẹni tó bá sì gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí à ń pè ní wàásù. Ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń sọ fún ọmọ ẹgbẹ́ pé kó dìde, kó sọ̀rọ̀.

Láti 1929 títí di 1932 ni Ṣólàńkẹ́ fi yí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ká, tó ń wá owó láti fi ní ilé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ní 1933 sì ni ilé náà ṣí ní Camden Road. Ibùsùn wà níbẹ̀, oúnjẹ wa wà níbẹ̀, àríyànjiyàn sì wà níbẹ̀. Ẹni tí kò rí ilé gbé lánàá, ibẹ̀ ló ti ń dìde bi àwọn aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì léèrè ọ̀rọ̀. Ní 1941, Clement Attlee, tó jẹ́ àgbà nínú ìjọba Churchill tó sì wá di olórí ìjọba lẹ́yìn náà, wá bá wọn sọ̀rọ̀ nínú ẹgbẹ́ wọn. Nkrumah tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ó ṣe igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́ yìí kó tó padà wá gba òmìnira fún Gánà. London ni Ṣólàńkẹ́ kú sí ní 1958, ọdún méjì ṣáájú òmìnira tiwa.

Níbí nílé, àwọn obìnrin ló fi irú rẹ̀ hàn wá. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, tó wà lára àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tó wọ Abeokuta Grammar School, ló kó ẹgbẹ́ àwọn ìyáàfin ọ̀mọ̀wé jọ ní àwọn ọdún 1930. Ẹgbẹ́ afẹ́ ni, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe afẹ́ lónìí. Nígbà tó yá, àwọn ìyá ọlọ́jà fẹ́ kọ́ ìwé kíkà, ẹgbẹ́ sì ń kọ́ wọn. Ìyá tó ń tijú láti mú ìwé dání níta wá ń ka ìwé ìròyìn fúnra rẹ̀. Ní 1946 ẹgbẹ́ náà di ẹgbẹ́ gbogbo obìnrin ìlú, ní 1947 wọ́n sì tú síta lórí owó orí obìnrin. Gbogbo yín mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé a, b, d ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

A ó fi Olóyè M.K.O. Abíọ́lá kún un, nítorí àwọn ọmọ wa tí ọ̀rọ̀ ń há mọ́ lẹ́nu. Ẹni tó bá gbọ́ ohùn Olóyè rí mọ̀ pé ó máa ń kólòlò. Nígbà tó wà ní Baptist Boys' High School, òun ni olóòtú ìwé ìròyìn ilé-ìwé wọn, The Trumpeter, Ọbásanjọ́ sì ni igbákejì rẹ̀. Nígbà èwe rẹ̀ náà ló kó àwọn onílù jọ, tí wọ́n ń ṣeré lóde ayẹyẹ. Akólòlò ń kọ̀wé kí ẹgbẹ́ rẹ̀ lè kà á, ó ń kọrin kí ènìyàn lè jó sí i. Ìkólòlò náà kò lọ. Pẹ̀lú rẹ̀ ló dúró níwájú gbogbo Nàìjíríà ní 1993 láti tọrọ ìbò, wọ́n sì dì í fún un.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an nílé-ẹ̀kọ́ gíga, nítorí ẹni tí kò bá ṣe ẹgbẹ́ níbẹ̀ rí lè rò pé ariwo lásán ni. Nínú gbogbo ipò ẹgbẹ́, ibi tí àwa yóò fi ọmọ onítìjú sí ni ipò akọ̀wé. Akọ̀wé kì í wá ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ló ń kọ sílẹ̀, ní ìpàdé tó bá tẹ̀ lé e á dìde, á kà á. Ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ wà nínú ìwé, kò sí ẹni tó ń retí pé kó pa àwọn lẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́, ìwé á máa gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà kejì, gbígbọ̀n á dín kù. Nígbà kẹta, ẹnìkan á dìde, á ní, "Akọ̀wé, n kò sọ bẹ́ẹ̀ o." Akọ̀wé á ní láti gbójú sókè pé, "Ẹ sọ bẹ́ẹ̀, ó wà ní ìlà kẹrin." Ọjọ́ yẹn ni ohùn rẹ̀ yí padà. Ó mọ̀ pé òótọ́ ló wà lọ́wọ́ òun, ẹgbẹ́ sì wà lẹ́yìn òun.

Akápò ńkọ́? Yàrá dé yàrá ni yóò máa lọ gba owó ẹgbẹ́. Ẹni tó bá ti kan ogójì ilẹ̀kùn lórí owó tí kì í ṣe tirẹ̀, tí wọ́n ti ní kó padà wá lọ́la, tí ẹnìkan ti díbọ́n pé òun ń sùn, kò tún sí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tí ẹ̀rù rẹ̀ máa bà á. Ọ̀kan nínú wa tó ń ṣe alákòóso ẹ̀ka báńkì lónìí sọ pé ibẹ̀ gan-an ni òun ti kọ́ iṣẹ́ báńkì, kì í ṣe inú ìwé.

Àríyànjiyàn ní oògùn tirẹ̀. Wọ́n á fún ọ ní apá kan, bóyá o gbà á gbọ́ tàbí o kò gbà á gbọ́. Bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ rẹ, ti apá tí wọ́n fún ọ ni. Eré orí ìtàgé náà rí bẹ́ẹ̀. Àwa Ẹ̀gbá mọ egúngún dáadáa: ojú kì í ti ará ọ̀run. Ọmọ tí kò lè kí aládùúgbò rẹ̀ jáde, ẹ fi ẹ̀wù ọba wọ̀ ọ́ lórí ìtàgé, á pàṣẹ. Àwọn kan nínú wa rí tiwọn nínú ẹgbẹ́ Kegites, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1962, àwọn òbí wa kò sì gbọ́ nípa rẹ̀ títí dòní. Ẹmu wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dá orin láàárín èrò, tí gbogbo wọn sì gbè é, mọ ohun tí à ń wí. Ẹlòmíràn, ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Mùsùlùmí ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ní kó wá ka ìkéde. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní FUNAAB tún ní ti oko kún un: kí ọmọ dé abúlé, kó bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí irúgbìn tuntun. Àgbẹ̀ tó ti ń gbin ẹ̀gẹ́ kí bàbá akẹ́kọ̀ọ́ náà tó gbéyàwó kò gba gírámà. Ọmọ á wá bí yóò ṣe sọ ọ́ kó yé e.

Ìdánilójú kì í wọ gbogbo ọmọ lára lọ́nà kan náà. Àwọn kan kò ní di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ láéláé, kò sì burú. A ní irú wọn nínú ẹgbẹ́ yìí, tí wọ́n bá sì la ẹnu lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, gbogbo wa la ń dákẹ́. Ohun tí à ń wá ni pé nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di dandan, kí ọmọ lè sọ ọ́.

Ẹ̀yin òbí, a mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Ẹgbẹ́ òkùnkùn. A kò ní fi bò. Lóru ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1999, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn wọ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ sì wà lára wọn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ bàbá fi ń sọ fún ọmọ pé, "Ìwé ni mo ní kí o lọ kà, má ṣe ẹgbẹ́ kankan." Ọ̀rọ̀ náà ti inú ìfẹ́ wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí àwọn oníṣẹ́ ibi yẹn ń wá. Ọmọ tó ń dá jẹun, tí kò ní ẹni tó máa béèrè rẹ̀ tí kò bá wá sí kíláàsì, tí inú rẹ̀ máa dùn pé ẹnìkan pe òun ní arákùnrin. Ọmọ tí a ní kó má ṣe ẹgbẹ́ kankan ni a fi síbẹ̀ láìmọ̀. Ẹ kọ́ ọmọ bí a ṣe ń yẹ ẹgbẹ́ wò: ṣé ọ̀sán ni wọ́n ń pàdé? Ṣé orúkọ àwọn aláṣẹ wọn wà lára pátákó? Ṣé wọ́n ń ka ìṣirò owó sétígbọ̀ọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́? Ṣé ẹni tó bá fẹ́ kúrò lè kúrò? Bí ọ̀kan nínú rẹ̀ bá jẹ́ rárá, kó má wọ̀ ọ́.

Ti ìwé náà kò gbọdọ̀ jábọ́. Ẹgbẹ́ kan tàbí méjì tó. Ọdún àkọ́kọ́, kó jókòó kó wòran. Ọdún kejì àti ìkẹta ni kó gba ipò. Ọdún ìkẹyìn, kó gbé e lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Àwọn ọmọbìnrin wa ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ipò igbákejì àti iṣẹ́ oúnjẹ pínpín nìkan ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ fún wọn. Ìlú Béèrè la ti wá.

Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kò pọ̀. Kí a fi díẹ̀ kún owó ìrànwọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, fún owó ẹgbẹ́ àti owó ọkọ̀ tí yóò fi máa lọ sí ìpàdé wọn. A ti ṣe ìṣirò rẹ̀, kò tó ìdá mẹ́wàá owó aṣọ tí a wọ̀ sọ́rùn lónìí. Kí fọ́ọ̀mù wa máa béèrè iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe nínú ẹgbẹ́, yàtọ̀ sí èsì ìdánwò nìkan. Kí àwọn ọmọ náà sì máa wá sí ìpàdé wa lẹ́ẹ̀méjì lọ́dún: kí ọ̀kan bá wa ka àkọsílẹ̀ ìpàdé, kí òmíràn lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti sọ ohun tó ń kọ́, ní Yorùbá tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó bá wù ú. Ọmọ tó bá ń sọ̀rọ̀, a ó dákẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún gírámà rẹ̀ ṣe kó tó jókòó. A mọ ara wa, ìdí nìyẹn tí a fi kọ ìyẹn sínú àbá náà ní ìlà tirẹ̀. Àbá yóò wá síwájú ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, kí a dìbò lé e lórí.

Alága ìjókòó, ó kan àwọn ìbéèrè. A ti bá yín sọ ọ́ pé àwọn ọmọ ni yóò kọ́kọ́ béèrè lónìí, ẹ sì gbà fún wa. Ẹ̀yin tí ẹ mú maíìkì dání, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e lọ sẹ́yìn.